ÀKỌ̀ LÁÌSÍ ÌBỌN: Ohun tí Awọ Ológun Àtijọ́ Ń Sọ fún Ẹni tí Ó Bá Lè Kà Á

 

Nígbà tí mo fi àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ránṣẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ ìbọn lẹ fẹ́ wá bá wa sọ ni, pẹ̀lú bí ìlú ṣe rí yìí?" Mo ní rárá o, ọ̀rọ̀ awọ ni. Mi ò ní ìbọn, mi ò sì fẹ́ ní in. Àpò tí wọ́n ń fi ìbọn sí ni mo ń kó jọ, òfìfo ni gbogbo wọn sì wà.

ÌFÁÀRÀ

Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àti ìwé ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á máa wá orúkọ, nọ́ńbà àti déètì kiri lára ohun gbogbo tí ó bá rí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n rán wa lọ fún ẹ̀kọ́ ní London ní ọdún 1991, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ra bàtà àti aṣọ, èmi ń ra àpò awọ àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ́ ọjà sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. Láti ìgbà náà, mo ti rà nínú ọjà gbàǹjo, mo ti rà lọ́wọ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì, àwọn kan sì fi tiwọn ta mí lọ́rẹ. Lónìí, 19 ni wọ́n jẹ́.

Yorùbá ní orúkọ fún ilé ọ̀bẹ àti ilé idà: àkọ̀ ni. Mo yá orúkọ yẹn lò fún àpò awọ tí ọmọ ogun ń fi ìbọn ìléwọ́ sí ní ìbàdí. Ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí tí a ó fi parí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Awọ tí ó ní orúkọ, nọ́ńbà tàbí déètì lára, ìwé ni. Ẹni tí ó bá jù ú sórí ààtàn, ìwé ni ó jù nù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì wà nínú àpótí ní ilé àwa tí a jókòó síhìn-ín, tí a kò kà á sí nǹkan kan.

BÍ ÀKỌ̀ ṢE DÉ ÌBÀDÍ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹṣin ni ó ń gbé àkọ̀, kì í ṣe ènìyàn. Ìbọn ìléwọ́ àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù wúwo, ó sì gùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń yìn kí wọ́n tó tún un kì. Nítorí náà, méjì-méjì ni wọ́n ń fi wọ́n sínú àkọ̀ awọ ní iwájú gàárì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ní ọdún 1836, Samuel Colt, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ìbọn rẹ̀ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, tí ó lè yìn léraléra. Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe ń tàn kálẹ̀, tí ó sì ń fúyẹ́ sí i, ni àkọ̀ kúrò lára ẹṣin tí ó bọ́ sí ìbàdí ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fíìmù àwọn màlúùdaran Amẹ́ríkà, ẹ ti rí àkọ̀ tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ẹni tó ni ín lè tètè fa ìbọn yọ. Àkọ̀ ológun kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọrí awọ ńlá tí ó bò ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi bọ́tìnnì idẹ tàbí ìdè awọ tì pa. Ohun tí ológun ń bẹ̀rù lójoojúmọ́ ni òjò, ẹrẹ̀, iyanrìn, àti kí ìbọn jábọ́ nígbà tí ó bá ń sáré tàbí tí ó bá ń fà lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá wo ọmọrí yẹn dáadáa, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe é mọ ìyàtọ̀ láàárín ogun àti eré.

Bẹ́líìtì tí àwọn ọ́físà ń so àkọ̀ mọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Samuel Browne jẹ́ ọ́físà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1858, wọ́n fi idà gé apá òsì rẹ̀ lójú ogun, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross fún ìgboyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò ní apá òsì kò lè di àkọ̀ idà rẹ̀ mú kí ọwọ́ ọ̀tún fi fa idà yọ. Ó wá ronú kan bẹ́líìtì awọ tó nípọn, ó sì fi okùn awọ kan gba èjìká ọ̀tún kọjá láti gbé ìwúwo idà tó wà ní ìbàdí òsì. Àkọ̀ ìbọn sì wà ní ìhà ọ̀tún. Àwọn ọ́físà tí apá wọn pé rí i pé ó dára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Browne kú ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n títí dòní "Sam Browne" ni wọ́n ń pe bẹ́líìtì náà, àwọn ọ́físà tiwa náà sì ń dè é ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ọgbọ́n tí ẹnì kan dá nítorí pé apá rẹ̀ kan ti lọ ni ó di ẹ̀ṣọ́ káàkiri ayé.

ÀKỌ̀ ORÍLẸ̀-ÈDÈ MẸ́RIN

Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́rin nínú èyí tí àwọn akójọ máa ń wá jù.

Èkíní ni ti Jámánì. Ní ọdún 1908, ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì gba ìbọn tí Georg Luger ṣe, tí wọ́n ń pè ní P08. Àkọ̀ rẹ̀ dà bí ilé tí a pín yàrá sí. Ìyá àpò wà fún ìbọn. Àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní etí iwájú fún ilé ọta kejì. Lábẹ́ ọmọrí, àpò kékeré kan wà fún irin tí wọ́n fi ń tú ìbọn náà. Okùn awọ kan sì wà nínú, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fà á sókè, ìbọn á gòkè wá bá ọwọ́. Awọ aláwọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dúdú ló wọ́pọ̀ jù.

Èkejì ni ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní M1916, fún ìbọn M1911. Ó rọrùn láti dá a mọ̀, nítorí lẹ́tà U àti S wà nínú òbìrìkìtì gbọọrọ lórí ọmọrí rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ wọnú awọ. Ní ìsàlẹ̀, okùn awọ wà tí wọ́n fi ń dè é mọ́ itan kí ó má máa jó. Aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni ó jẹ́ nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yí ohun èlò awọ wọn padà sí dúdú ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n pa ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́ láró. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tó dúdú tí déètì rẹ̀ jẹ́ 1942, ẹ má tíì pè é ní irọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo inú rẹ̀ àti ojú ibi tí wọ́n rán. Àwọ̀ àkọ́kọ́ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1908, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi aṣọ òwú líle tí ẹ̀rọ hun rọ́pò awọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, àwọn tí ń hun aṣọ náà kò lè hun ún tó, ni wọ́n bá tún padà sí awọ fún àwọn tuntun tí wọ́n ń gbà sógun. Ti àwọn ọ́físà yàtọ̀: owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra bẹ́líìtì àti àkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ. Ìdí nìyí tí ohun ìjọba fi máa ń ní àmì ọfà lára, tí ti ọ́físà sì sábà máa ń ní orúkọ oníṣẹ́ awọ, àti nígbà mìíràn orúkọ ẹni tó ni ín, tí ó fi yíǹkì kọ.

Ẹ̀kẹrin ni ti Jàpáànì. Ìbọn Nambu wọn tí a mọ̀ sí Type 14, ọdún 1925 ni wọ́n gbà á. Ìyẹn ni ọdún kẹrìnlá ìjọba ọba wọn Taisho, ibẹ̀ ni 14 ti wá. Ọmọrí àkọ̀ rẹ̀ tóbi, ó lé roboto bí ìkarahun, ó sì bo ìbọn náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ogun ń lọ sí òpin, tí awọ ti wọ́n wọn, aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò ni wọ́n ń lò dípò. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò ka ìwé ìtàn kankan, bí ó bá gbé àkọ̀ Jàpáànì ti ọdún 1935 sí ẹ̀gbẹ́ ti ọdún 1944, yóò mọ ẹni tí ogun ń tán lókun.

BÍ A ṢE Ń KA ÒǸTẸ̀

Ẹ̀yìn àkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, àti abẹ́ ọmọrí. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ wà. Lára ti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún. Bí àpẹẹrẹ, "BOYT 42" túmọ̀ sí ilé iṣẹ́ Boyt, ọdún 1942. Lára ti Jámánì, orúkọ ilé iṣẹ́, ìlú rẹ̀ àti ọdún ni ó máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìjọba. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1940 sí 1941, orúkọ pòórá, lẹ́tà bíi mẹ́ta sì rọ́pò rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ọ̀tá tí àkọ̀ náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ mọ ìlú àti ilé iṣẹ́ tí ó ti wá.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀, ẹ wá ọwọ́ ènìyàn. Nínú ọ̀kan lára àwọn àkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní, orúkọ méjì ni ó wà lábẹ́ ọmọrí. Wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo gba àárín ti àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ èkejì sábẹ́ rẹ̀. Ojú okùn bẹ́líìtì tí ó lẹ́yìn, méjì ni: ọ̀kan ti gbó gidigidi, èkejì kò gbó tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn méjì tí ìdí wọn kò tóbi bákan náà ni ó lò ó. Bóyá ó tà á fún un ni, bóyá ó kú ni, awọ kò sọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé wọ́n gbé ayé, a sì mọ orúkọ wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akójọ tí ó kéré sí mi pé kí wọ́n má fọ orúkọ kúrò lára awọ nítorí kí ó lè mọ́.

AYÉDÈRÚ

Ibi tí owó bá wà, ayédèrú kò ní jìnnà síbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Íńdíà àti Ṣáínà ń ṣe àkọ̀ tuntun bíi ti àtijọ́, wọ́n sì ń tà á fún àwọn onífíìmù láìfi irọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá wá rà á, tí ó fi omi àti oòrùn sọ ọ́ di arúgbó, tí ó sì tà á ní iye ti àtijọ́, ìyẹn ni ọ̀dàlẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ wo etí awọ níbi tí ọ̀bẹ ti gé e. Awọ tí wọ́n fi èèpo igi tàbí èso igi ṣe máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ jálẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù láàárín, kẹ́míkà òde òní ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo bí ó ṣe gbó. Ìbọn tó ti pẹ́ nínú àkọ̀ máa ń fi àpá rẹ̀ sílẹ̀ sára awọ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń fi àpá sílẹ̀ nínú bàtà. Bí òde bá gbó tí inú kò ní àpá kankan, ẹ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wo òǹtẹ̀: awọ kò lè họ yánnayànna kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ máa mú bí ẹni tẹ̀ ẹ́ lánàá. Paríparí rẹ̀, ẹ mú iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó náírà wò, kí ẹ pa iná ilé, kí ẹ sì tàn án sí òwú rẹ̀. Òwú òde òní sábà máa ń tàn yanran. Òwú àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́, nítorí àkọ̀ gidi lè ti já kí wọ́n sì tún un rán.

ÌTỌ́JÚ

Awọ àtijọ́ kò fẹ́ kẹ̀kẹ́ àsejù. Ohun tó ń pa á jù lọ́wọ́ àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ni òróró. Ẹni tí ó bá rí awọ gbígbẹ á sáré gbé òróró ẹ̀pà, òrí tàbí pólíìṣì bàtà. Ọjọ́ yẹn á dára lójú. Ṣùgbọ́n òróró tó pọ̀ á sọ awọ di dúdú, á mú un rọ̀ jù, á fa eruku mọ́ra, á sì jẹ òwú ìrànṣọ rẹ̀. Níbi tí idẹ bá wà, ọ̀rá inú awọ á mú kí nǹkan kan tó rí bí ìda aláwọ̀ ewé hù síbẹ̀. Igi pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi rọra ha ìyẹn kúrò, kì í ṣe irin. Fún eruku, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó.

Àrùn kan wà tí kò ní oògùn. Awọ náà á pọ́n, á sì máa di ìyẹ̀fun tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èéfín èédú àti gáàsì tí ó ní imí ọjọ́ nínú ni ó ń fà á: awọ á fà á mu, á sì di ásíìdì nínú rẹ̀. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé dá padà. Ẹ má gbé awọ àtijọ́ sí ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé.

Ojú ọjọ́ Kàdúná tiwa yìí le fún awọ. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè ènìyàn ń là. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rinrin pọ̀ débi pé bàtà inú kọ́bọ́ọ̀dù ń bu. Ohun tí àwọn onímúsíọ́ọ̀mù ń fẹ́ ni kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bí ìdá 50 nínú 100, kí ó má sì máa gòkè sọ̀ kalẹ̀. Àwa tí a kò ní ẹ̀rọ lè ṣe èyí: ẹ fi ìwé funfun tí kò ní yíǹkì kún inú rẹ̀ kí ó má ba rún, ẹ dì í sínú aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀, ẹ má dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí àárín ilé, jìnnà sí ògiri òde àti oòrùn, kí ẹ sì máa yọ ọ́ wò lóṣooṣù nítorí kòkòrò.

Ẹ gbọ́ ohun tó lè yà yín lẹ́nu: àkọ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a tọ́jú ìbọn pamọ́ sí. Awọ ń fa omi mọ́ra, ohun tí wọ́n fi ṣe é sì ń jẹ irin, kí ọdún mélòó kan tó lọ, irin á ti dípẹtà. Àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí máa ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Yorùbá ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Níhìn-ín, àkọ̀ náà ń ba ọ̀bẹ jẹ́ padà.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé tọmọdé tàgbà. Lábẹ́ òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀, kódà èyí tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí láyé àtijọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fi àṣẹ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. "Ti àtijọ́ ni, kò ṣiṣẹ́ mọ́" kì í ṣe àwíjàre. Òfin náà sì ka ẹ̀yà ara ìbọn mọ́ ìbọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ra àkọ̀ Mauser ti ọdún 1896, bí ó tilẹ̀ wù mí: igi ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì lè fi mọ́ ẹ̀yìn ìbọn kí ó di ìdí tí wọ́n ń gbé lé èjìká. Ìyẹn ti sún mọ́ ìbọn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Àkọ̀ awọ lásán, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìrajà rẹ̀, ẹ má sì dè é mọ́ ìdí jáde láéláé. Ní ojú ọ̀nà wa lónìí, ẹni tí ó bá ti òkèèrè rí àkọ̀ kò ní dúró béèrè bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan tún ń bi mí pé, "Ṣé ohun tí ó ti rí ẹ̀jẹ̀ kò ní mú ibi wọlé?" Èsì mi ni pé kì í ṣe ogun ni mò ń yìn. Nínú 19 wọ̀nyí, mi ò mọ èyí tí olówó rẹ̀ padà sílé àti èyí tí kò padà. Kí a má gbàgbé wọn ni mo ṣe ń tọ́jú wọn.

AWỌ TIWA, BÀBÁ TIWA

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó àti Kano ń gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Àríwá Áfíríkà, àwọn ará Yúróòpù sì ń pè é ní awọ Morocco, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i rà. Èso bàgàrúwà ni àwọn oníṣẹ́ awọ níhìn-ín fi ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Yúróòpù ṣe ń fi èèpo igi ṣe tiwọn. Bí awọ àtijọ́ yín bá já, ẹ bẹ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí lọ́wẹ̀: kí wọ́n fi òwú tí a fi ìda oyin pa tún un rán gba ojú ihò àtijọ́, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù sí i. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà nítòsí wa ní Samaru, Zaria.

Ìlú ológun ni Kàdúná. Ibí ni Nigerian Defence Academy ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ọ̀pọ̀ nínú wa, iṣẹ́ ológun tàbí iṣẹ́ rélùwéè ni ó gbé bàbá wa dé àríwá. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n bá àwọn ará Jàpáànì jà ní Burma, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Bọ́mà. Ìbọn gígùn ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn gbé. Àkọ̀ àti ìbọn ìléwọ́ sábà máa ń jẹ́ ti ọ́físà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ọ́físà kí ogun náà tó parí ní 1945. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àkọ̀ nínú ẹrù bàbá tí ó lọ sí Bọ́mà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun tí ó kó bọ̀ lójú ogun tàbí ohun tí ọ̀gá kan fi ta á lọ́rẹ. Bẹ́líìtì, àpò ọta àti bàtà ni ó ṣeé ṣe jù kí ẹ rí.

Ìdílé kan wà nínú ìlú yìí tí mi ò ní dárúkọ. Bàbá wọn lọ sí Bọ́mà, ó sì padà wá. Nígbà rògbòdìyàn ọdún 2000, ilé wọn jóná. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di eérú. Bẹ́líìtì awọ kan ṣoṣo ni ó kù, nítorí pé àbúrò bàbá náà ti yá a lò kí wàhálà tó dé. Nígbà tí wọ́n gbé e wá fún mi, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, nọ́ńbà ológun sì wà níbẹ̀, tí wọ́n lù wọnú awọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí i rí. Mo bá wọn dà á kọ. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí àwọn tí ń tọ́jú ìwé ológun báyìí. Èsì kò tíì dé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní nọ́ńbà lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tí ń táràrà nínú òkùnkùn mọ́. Àwọn tí wọn kò padà wá ńkọ́? Ní Taukkyan, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, orúkọ nǹkan bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ ibojì wọn wà lára ọwọ̀n ìrántí, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn. Orúkọ àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wá wọn rí. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ẹ̀yìn awọ kan ni nọ́ńbà yẹn kù sí.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Mo ní àbá mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí olúkúlùkù padà sílé kí ó ṣí àpótí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá àgbà rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá jẹ́ awọ ológun, kí ó má fi omi fọ̀ ọ́, kí ó má fi òróró pa á, kí ó má sì tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù kiri. Kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀.

Èkejì, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó ni ín, ibo ni ó lò ó, ta ni ó sọ fún ọ, ọjọ́ wo ni o kọ ọ́. Kí ó fi ìwé náà sínú àpò kan náà pẹ̀lú awọ. Awọ tí ó ní ìtàn, ohun ìní ìdílé ni. Èyí tí kò ní ìtàn, awọ ẹran ni.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yìí ní ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sí, kí a sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ìpàtẹ. Èmi yóò kó 19 tèmi wá. Mo ti kọ àkójọ wọn tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí mo ti rà á, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé bí mi ò bá sí mọ́, kí wọ́n kó wọn fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, kí wọ́n má tú wọn ká.

Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá láyé. Àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé wa láti 1967 sí 1970 ti di arúgbó. Ẹ tètè bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè sọ ọ́.

 Elédùmarè kò ní jẹ́ kí ogun ká wa mọ́lé, yóò sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú.